Aṣọ Tuntun Kò Kan Ẹ̀sọ̀

"Ìyá Ẹ̀sọ̀, pẹ̀lẹ́ o. Mo ní kí n yà bá ọ kẹ́dùn kí n tó kiri lọ."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, agbọ̀n búrẹ́dì lórí, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Ìyá Ẹ̀sọ̀ wà lórí àpótí nínú yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó ń ta kọ́tìnì sójú fèrèsé, ìṣó méjì sì wà láàárín ètè rẹ̀. Ojú ló fi béèrè ohun tí ẹnu kò lè béèrè.

"Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Ọ̀rọ̀ ìpàdé àná."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ yọ ìṣó lẹ́nu. "Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé àná?"

"Há à! Bàbá Ẹ̀sọ̀ ò sọ fún ọ?"

"Ó ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a gba àlejò. Ó ní wọ́n pàtẹ́wọ́."

"Wọ́n pàtẹ́wọ́, n ò ní purọ́." Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ agbọ̀n kalẹ̀. Bí oníkiri bá sọ ẹrù kalẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí kò tíì tajà, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ wúwo ju ẹrù náà lọ.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa àwọn àlejò. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lókè òkun, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́. Apá kan ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí wọ́n lọ sí ilẹ̀ tí wọn ò dé rí, kí wọ́n lo táàmù kan gbáko níwájú àwọn ọmọ tí wọn ò mọ̀, kí wọ́n fi ibẹ̀ mọ bí a ṣe ń kọ́ni. Ilé-ìwé àdúgbò yìí ni wọ́n ń bọ̀. Ilé Ìyá Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n máa gbé, nítorí Màdáàmù, ọ̀gá ilé-ìwé, jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó sì ti sọ pé kò sí ilé tó mọ́ tó tiwọn ládùúgbò. Ìrọ̀lẹ́ òní ni ọkọ̀ máa gbé wọn dé.

Láti ìgbà tí Ìyá Ẹ̀sọ̀ ti gbọ́ ni ojú rẹ̀ ti ń rí wọn. Bó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á ti lọ. Á rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà tó jókòó ti Ẹ̀sọ̀ lábẹ́ iná, tó fi ìka tọ́ka sínú ìwé, tí Ẹ̀sọ̀ ń tẹ̀lé ìka náà bí ẹni ń wo èèrà tó ń ru oúnjẹ lọ sílé. Nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí yìí ni kò ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a kun yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún lánàá, tó fi rán ọkọ lọ sípàdé.

"Màdáàmù dìde," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ó ní kíláàsì tí àwọn àlejò máa kọ́, kò ní gba gbogbo ọmọ. Ó ní àwọn tí ìwé ń dá ṣáká lẹ́nu wọn ló máa dúró. Àwọn yòókù á lọ sinmi nílé títí àlejò á fi padà. Ó wá ń pe àwọn tó máa sinmi. Ẹ̀sọ̀ ló kọ́kọ́ pè."

"Sinmi? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe tó rẹ̀ wọ́n?"

"Ìwọ náà bi mí."

"Odidi táàmù?"

"Ó ní táàmù kan kọ́ layé."

"Kò sẹ́ni tó lanu?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi etí ìró nu ọrùn. "Màdáàmù béèrè pé ta ló ní ohun tó fẹ́ sọ. Gbogbo wa kọjú sí Bàbá Ẹ̀sọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè, àbúrò Màdáàmù sì tún ni. Bó bá wúkọ́ lásán, àwọn tó kù á rí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé. Ó ń wo bàtà ẹ̀. Ó wò ó títí, n ò mọ ohun tó ń wá nínú bàtà. Ni Màdáàmù bá ní ó ti parí, ká pàtẹ́wọ́. Ìwọ ni ojú mi ń wá. Mo ní bí Ìyá Ẹ̀sọ̀ bá wà níbí, ọ̀rọ̀ ò ní rí báyìí. Àná lọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Òní, ó ti dòfin."

"Ọmọ tìrẹ ńkọ́?"

"Rédíò? Ó wà lára àwọn tó máa dúró." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jẹ ẹran níwájú ẹni tí ebi ń pa. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lérí. "Àwọn ọmọ wọ̀nyí á kan máa ṣeré nílé ni. Mú un mọ́ra."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá Ẹ̀sọ̀ ò sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Kọ́tìnì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì ojú fèrèsé ló bò.

Nínú pálọ̀, lórí tábìlì tí wọ́n ti ń géṣọ, ni yunífọ́ọ̀mù tuntun àwọn ọmọ kíláàsì náà wà. Ó ti lọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn lórí ara wọn, bọ́tìnnì ń tàn lára wọn bí ojú ẹja. Òun ló rán gbogbo wọn. Màdáàmù ló fi aṣọ náà ránṣẹ́ sí i pé kí àwọn àlejò bá àwọn ọmọ ní mímọ́. Ó lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ń wọn èjìká, ó ń wọn àyà, ó ń bá wọn ṣàwàdà. Ẹ̀sọ̀ kò sí lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Tísà ní òun rán an lọ pọnmi. Ìyá rẹ̀ kò bi í sí i, nítorí télọ̀ wo ló ń fi okùn wọn ọmọ tirẹ̀? Ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìṣe gbogbo télọ̀ sì ni pé ti oníbàárà ló ń ṣáájú, ti ilé ló ń kẹ́yìn. Ọmọ télọ̀ ló ń wọ ṣọ́ọ̀tì tó ya lọ́jọ́ ọdún.

Ìgbà tó kan ti Ẹ̀sọ̀ ni aṣọ tán. Kò ṣẹ́ kù tó ohun tí a lè fi rán àpò. Ó bú ẹni tó ta aṣọ náà, ó ní olè ni, ó ní ó gé ọ̀pá kúrú. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ẹni tó ra aṣọ náà ti ka orí kó tó rà á, àti pé orí tó kà, kò sí ti Ẹ̀sọ̀ nínú wọn. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gé ọmọ rẹ̀ sọnù, ó tún ń kọrin sí i. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó ti fi sí i, ó sì fi bọ́tìnnì há a.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Bàbá Ẹ̀sọ̀ wà lábẹ́ páànù tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi sáńpépà ha tábìlì tí àwọn àlejò máa fi kọ̀wé. Káfíńtà tó mọṣẹ́ ni. Ẹsẹ̀ tábìlì náà ń dán bí ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun.

"Bàbá Ẹ̀sọ̀, kí ni wọ́n sọ ní ìpàdé?"

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ṣebí mo ti sọ fún ọ."

"Ẹ sọ èyí tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Ẹ sọ èyí tó kù."

Ọwọ́ náà dúró. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, àbí? Ó yẹ kí wọ́n po ìyẹ̀fun dí ẹnu obìnrin yẹn."

"Wọ́n pe ọmọ yín, ẹ ń wo bàtà."

"Kí ni kí n ṣe? Kí n dìde, kí n máa bá ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò sí níbẹ̀." Ó ju sáńpépà sílẹ̀. "Ta ló fún mi ní iṣẹ́ àga ilé-ìwé yẹn? Ẹ̀gbọ́n ni. Kí là ń jẹ nílé yìí láti ọdún tó kọjá bí kì í bá ṣe àga ilé-ìwé? Ta ló ní kí àlejò máa bọ̀ wá sílé wa, kí ètò wọn máa fún wa ní nǹkan lóṣù? Ẹ̀gbọ́n ni. Mo fẹ́ gé ọwọ́ tó ń fún mi lóúnjẹ?"

"Àga tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn, ọmọ yín ò gbọdọ̀ jókòó lórí ẹ̀."

Adìẹ kan ń ṣa nǹkan láàárín ẹ̀rún pákó, ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Táàmù kan péré ni," ni ọkọ rẹ̀ sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Wọ́n á lọ, ohun gbogbo á padà sípò. Kí ló tún kù?"

Ìyá Ẹ̀sọ̀ fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sí abẹ́ tábìlì iṣẹ́, níbi tí ayùn àti òòlù máa ń wà. Báàgì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan wà níbẹ̀, báàgì tí Ẹ̀sọ̀ máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ nígbà họlidé. Ó ti kún. Apá súwẹ́tà kan yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìpù rẹ̀.

"Báàgì Ẹ̀sọ̀ ń wá kí ni níbí?"

Ó mú sáńpépà tó jù sílẹ̀.

"Mo ní báàgì Ẹ̀sọ̀ ń wá kí ni níbí?"

"Dẹ́rẹ́bà tó ń lọ sápá ibẹ̀ máa yà gbé e lọ́sàn-án yìí. Yóò lọ dúró sọ́dọ̀ ìyá mi." Ó ń sọ ọ́ fún tábìlì, kì í ṣe fún un. "Ẹ̀gbọ́n ní bí àwọn àlejò bá ń rí i nílé láràárọ̀, wọ́n á máa béèrè ìdí tí kò fi lọ síléèwé. Kí la fẹ́ sọ fún wọn? Mo fẹ́ sọ fún ọ lẹ́yìn oúnjẹ."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ jókòó lórí pákó tó wà nítòsí. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kéré, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí aláìsàn ń sùn sí.

"O di ẹrù ọmọ mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "o" rí. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ.

"N ò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Àjèjì. Wọ́n á ní kó kàwé, gbogbo kíláàsì á máa dúró dè é, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ bó ṣe ń rí lára èèyàn. N ò fẹ́ ẹ fún un."

"Àlejò ò tíì dé. Ta ló ti ń fi í rẹ́rìn-ín?"

Bàbá Ẹ̀sọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹsẹ̀ tábìlì.

Nígbà tí oòrùn mú, àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà wo yàrá àlejò. A kì í lé ènìyàn tó bá wá bá ni yọ̀, Ìyá Ẹ̀sọ̀ sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n yẹ ara wọn wò nínú dígí. Wọ́n ṣí ike omi, wọ́n dé e.

"Orí èyí ni wọ́n máa sùn sí? Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi èmi ṣe àlejò."

"Ìwọ tí o máa ń han-run bí ẹ̀rọ ìlọta."

"Wọ́n ní omi tí wọn ò bá sè, wọn kì í mu ún."

"Ọkọ tèmi náà rèé, àfi kí n sè é fún un kó tó wẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀sọ̀ rí i pé kò sí ẹni tó wo ojú òun tààrà. Gbogbo wọn ló wà ní ìpàdé. Wọ́n ń yin kọ́tìnì ju bó ṣe yẹ kí èèyàn yin kọ́tìnì lọ.

Ìgbà náà ni Rédíò, ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì, wọlé pẹ̀lú Ẹ̀sọ̀, àwọn méjèèjì ru omi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n. Rédíò, ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ̀sọ̀, ẹni tó máa ń jẹun díẹ̀díẹ̀, tó máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán, tó sì máa ń fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ kó lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í rí kà. Ó kàn jẹ́ pé kì í kà á lójú ẹsẹ̀.

"Rédíò, wá kàwé tí àwọn àlejò máa gbọ́," ni obìnrin kan wí. "Wọ́n ní ẹ ti ń kọ́ ọ láti ìgbà pípẹ́."

Rédíò kò jẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Ó fa ìwé yọ nínú àpò aṣọ, ó ṣí i, ó nà án síwájú, ó bẹ̀rẹ̀: màlúù kan lọ sétí odò, ó bá àkèré pàdé, àkèré ní kí ló dé, màlúù ní òǹgbẹ ni. Kò mí. Àwọn obìnrin ń mi orí. Ohùn rẹ̀ dùn lóòótọ́.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo inú ìwé náà láti orí èjìká ọmọ. Màlúù tó wà nínú àwòrán dojú dé, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè ọ̀run. Odò wà lókè rẹ̀.

Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó tún wò ó.

Ẹ̀sọ̀ náà rí i. Ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn tún kọ́là ṣe, ó yí i padà, ó dá a padà sí i lọ́wọ́. "Báyìí ni," ló wí.

Rédíò ń kà á lọ. Kò tíẹ̀ dúró.

"Ọmọ mi, dúró ná," ni Ìyá Ẹ̀sọ̀ wí. "Níbo ni wọ́n ti kọ 'òǹgbẹ' níbẹ̀?"

Rédíò fi ìka kan ojú ìwé. Ó fi kan ibi tí kò sí nǹkan, etí ìwé funfun. Ó rí i lójú Ìyá Ẹ̀sọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀, ó gbé ìka náà lọ síbòmíràn, ó tún gbé e. Ẹ̀sọ̀ tẹ̀ síwájú, ó wá a, ó pẹ́ díẹ̀, ó fi ìka sábẹ́ rẹ̀. "Òǹ... gbẹ."

"Ó mọ̀ ọ́n!" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ké. Ó ti kiri dé, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Ó kàn ń kánjú ni. Ẹ dá ọmọ mi dúró láàárín ọ̀rọ̀, ṣé bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyẹn?" Ó wo ìwé, ó wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé wá dà bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Obìnrin kan ṣe họ̀ọ̀ họ̀ọ̀ lọ́fun. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀," ló wí, kò parí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rántí ohun tí wọ́n gbé kaná.

Nígbà tí ilé dá, Ìyá Ẹ̀sọ̀ lọ sí kíṣìnnì. Ẹyin àlejò wà nínú abọ́ lókè, ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó mú méjì, ó dín in, ó bu ìrẹsì àlejò tì í, ó gbé e síwájú Ẹ̀sọ̀.

"Ti àwọn àlejò ni," ni ọmọ náà wí.

"Jẹ ẹ́."

Ó ń jẹ ẹ́ bó ṣe máa ń jẹun, etí ẹyin lákọ̀ọ́kọ́, àárín nígbẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń wò ó.

"Ẹ̀sọ̀, ṣé o mọ̀ pé wọ́n ní kí o má wá?"

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ wá wọ̀n wá. Tísà ní kí n lọ pọnmi. Mo ní ẹ fẹ́ wọ̀n mí. Ó ní aṣọ yẹn kò kàn mí."

Ìyá rẹ̀ gbá ẹnu mú. "O ò sọ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, o ò sọ fún mi."

Ẹ̀sọ̀ ro ó. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀ kó lè rò ó dáadáa.

"Ẹ ń rán aṣọ náà, inú yín ń dùn," ló wí. "Ẹ ń kọrin."

Lójú ọ̀nà, ẹnì kan ń fọn fèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lemọ́lemọ́, ọmọ ẹnì kan ń sunkún, ẹnì kan ń pe ajá. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ilé bá wó pa èèyàn, ariwo díẹ̀ máa ń wà. Èyí kò ní ariwo kankan. Ọmọ kan jókòó, ó ń jẹ ẹyin, ó ti mú ìtìjú tí àgbàlagbà dì fún un, ó gbé e sórí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí orin ìyá rẹ̀ má bàa dá.

Ó dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé báàgì aláwọ̀ ojú ọ̀run náà wọlé. Ọkọ rẹ̀ rí i, kò dá a dúró. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà fọn fèrè lójú ọ̀nà, Ìyá Ẹ̀sọ̀ ló jáde sí i. Ó ní kó máa lọ. Dẹ́rẹ́bà ní wọ́n ti bá òun sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀, kó máa lọ.

Màdáàmù dé bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, nínú aṣọ tó le gbagidi, pẹ̀lú awòjú tó fi okùn so mọ́ ọrùn. Ohùn rẹ̀ ti wọlé kí ó tó wọlé.

"Ìyàwó wa! Ọlọ́wọ́ idán! Wọ́n ti kúrò ní pápákọ̀ òfurufú o, wọn ò ní pẹ́ dé."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ kí i bó ṣe yẹ kí ìyàwó kí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Màdáàmù yẹ yàrá wò. Ó fi ìka gba orí fèrèsé, ó wo ìka náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbọn bẹ́ẹ̀dì wò, ó gbá àbúrò rẹ̀ léjìká. Nígbà tó dé pálọ̀, tó rí àwọn yunífọ́ọ̀mù, ó fi ọwọ́ méjèèjì sáyà.

"Àwọn ọmọ yìí á dà bí òdòdó."

"Gbogbo rẹ̀ pé, Àǹtí," ni Ìyá Ẹ̀sọ̀ wí. Ó dì wọ́n sínú àpò, ó gbé e fún un. Kò dá ọ̀kankan dúró. Aṣọ kò ṣẹ̀ ẹ́, ọmọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni Màdáàmù rí Ẹ̀sọ̀ lójú ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ó yí padà sí àbúrò rẹ̀. "Mo rò pé ó ti lọ."

Bàbá Ẹ̀sọ̀ ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó má lọ, Àǹtí."

Màdáàmù bọ́ awòjú rẹ̀. Ó jókòó, kò bínú; ó dà bí olùkọ́ tó fẹ́ tún ìṣirò ṣe fún ọmọ tí kò yé. "Ìyàwó mi, gbọ́. Ọ̀gá àwọn ọmọbìnrin yìí ń tẹ̀ lé wọn bọ̀. Ohun tó bá rí ló máa sọ fún wọn lọ́hùn-ún. Bó bá dùn mọ́ ọn, ọdọọdún ni wọ́n á máa fi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí wa, wọ́n á fún wa níwèé, wọ́n á bá wa ṣe òrùlé. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, ilé-ìwé òdìkejì ń dúró. Ó wù mí kí gbogbo wọn wà níbẹ̀? Ó wù mí. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa rí."

"Àǹtí, kíkọ́ni ni wọ́n ń bọ̀ wá kọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Bí gbogbo ọmọ tó nílò ẹni tó máa kọ́ ọ bá wà nílé, ta ni wọ́n fẹ́ kọ́?"

Màdáàmù nu awòjú rẹ̀ títí. Ó sì jọ pé ìbéèrè náà dé ibi kan lára rẹ̀, nítorí nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ó dáa. Nítorí tìrẹ. Nítorí pé o jẹ́ ìyàwó wa. Jẹ́ kó wá. Ẹ̀yìn pátápátá ni kó jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kó má nawọ́. Kó má lanu. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọjú sí i, kó ní orí ń fọ́ òun."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé!" ni Bàbá Ẹ̀sọ̀ wí. Èémí tó tú jáde láyà rẹ̀ dà bí ti ẹni tó sọ igi kalẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ẹ̀sọ̀, dúpẹ́."

Ìyá Ẹ̀sọ̀ wo Ẹ̀sọ̀. Ọmọ náà ti ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń gbà. Ó ti ń kọ́ bí orí ṣe máa fọ́ ọ. Èyí ló ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù jù lọ láti àárọ̀, ju ìpàdé lọ, ju báàgì lọ. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ yìí kò sì burú rárá, ó kàn ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni.

Ariwo ọkọ̀ kan gba ojú ọ̀nà wá. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń ké "Àlejò! Àlejò!" Màdáàmù dìde, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó na ọwọ́ sí Ìyá Ẹ̀sọ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àlejò.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ kò tíì gbé e fún un.

"Àǹtí, ẹ má bínú, n ò dúpẹ́," ló wí. "Ẹ̀sọ̀ ò lọ sọ́dọ̀ ìyá wa. Kò sì ní jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù. Bí àwọn àlejò bá sùn síbí, òun àti wọn ló jọ máa rìn lọ síléèwé lọ́la. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ sílé ẹlòmíràn, kọ́kọ́rọ́ nìyí, ẹ wá kó ohun tí a pèsè fún wọn, n ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n lọ́la, ọmọ mi máa wọ aṣọ rẹ̀ àtijọ́, á jókòó síbi tó máa ń jókòó, á nawọ́ nígbà tó bá mọ̀ ọ́n àti nígbà tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ lé e, Àǹtí, ojú wọn lẹ máa ti lé e."